Ẹ̀yìn Àwòrán Mẹ́tàdínlógún

Ìdí mi ni Inmok kọ́kọ́ kí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ òjò ni, mo tẹ̀ba sórí agbada tí a fi ń po gọ́ọ̀mù, mo ń ha èèpá ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ti ká yẹ̀rì mi sókè, mo ki í bọ inú ìgbànú, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ohùn ọkùnrin kan bá dún lẹ́yìn mi pé, "Ẹ káàsán o. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń lẹ ẹ̀yìn àwòrán?"

Mo fẹ́ yára dìde, orí mi gbá pákó tí búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, méje nínú wọn sì já lé mi láyà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí ní ọdún 1974 yẹn, ìdí tí mò ń sọ yìí kì í sì í ṣe kékeré. Títí dòní àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi ṣe ìrọ̀rí. Inmok ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu irun wọn kó tó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

Òjò ti pa á bí ẹyẹ. Àmọ́ nígbà tó ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó yọ bébà kan tó ká jáde láti àyà rẹ̀, bébà náà gbẹ táútáú. Ọkùnrin tó jẹ́ kí òjò pa ara òun kí bébà má bàa tutù: ibẹ̀ gan-an ni mo ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn nílùú Jeonju, nílẹ̀ Kòríà. Àwọn ayàwòrán ń ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí tàdáà bá gbẹ, bébà á wú, á hun jọ bí ojú arúgbó bíi tèmi yìí. Bàbá mi á wá lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn lẹ́yìn, á nà án, á fi igi sí i lókè àti nísàlẹ̀, àwòrán á wá dúró bí ènìyàn. Èmi nìkan ló bí, èmi náà ló sì kọ́ níṣẹ́.

Bàbá mi tẹ́ àwòrán Inmok sórí tábìlì. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí ẹkùn, kò sí òdòdó. Tàdáà dúdú lásán ni, ìpele lórí ìpele. Bàbá mi yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọmọ mi, èwo ni orí rẹ̀?"

"Bàbá, kò ní orí."

"Àwa náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí a bá mutí yó," ni bàbá mi wí.

Èmi náà, ẹnu mi ò dákẹ́ rí, mo ní ó jọ ìdí ìkòkò ìyá mi. Inmok wá rẹ́rìn-ín. Ó gbé bébà náà lọ sí ojú fèrèsé, ó sì pè mí. Òjò ti dá nígbà náà, oòrùn ń yọjú. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sẹ́yìn bébà yẹn, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ láti inú dúdú náà: pupa bí èso gam tó wà ní àgbàlá wa, ewé tútù, àti búlúù kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí níbòmíràn. Bí ìkuukùu bá bo oòrùn, gbogbo rẹ̀ á tún rì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde. Bàbá mi ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun rí i kí ẹnu mi dákẹ́.

"Iwájú ni mo fi tàdáà kùn," ni Inmok wí, "ẹ̀yìn ni mo fi àwọ̀ kùn. Òkùnkùn lo máa kọ́kọ́ rí. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, á sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún ọ."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá. Á ní òun wá wo bébà tuntun, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sí lára bébà. Mo bá a jẹ ìrẹsì inú omi ẹ̀wà híhù lẹ́bàá odò, mo sì jẹ tèmi tán kó tó bu ṣíbí kejì. Ó ní òun fẹ́ràn obìnrin tó ń jẹun bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Okbun ni wọ́n sọ mí, àmọ́ Ọmọ Gọ́ọ̀mù ló ń pè mí. Tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ mọ́ mi nírun, á jókòó, á máa fi èékánná yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa sọ fún mi bí dúdú ṣe pọ̀ ní oríṣi: dúdú tó gbóná, dúdú tó tutù, dúdú tó fẹ́ di búlúù. Mo ní èmi dúdú méjì péré ni mo mọ̀, ti èédú àti ti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ní, "Okbun mi, ìwọ lo fún mi ní ìkẹta, irun rẹ." Ṣé ẹ rí i, ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí orí rẹ̀ kò ní dàrú?

Ìyá rẹ̀ ni ìṣòro wa. Opó ọ̀gá ilé-ìwé ni Ìyá Inmok, ìdílé Cha, àwọn tó lè ka orúkọ baba ńlá wọn dé ìran kẹtàlá láìmí. Bébà la fi ń bo ilẹ̀kùn onígi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ilẹ̀ ilé nílùú wa; tí wọ́n bá pe àwa wá lẹ bébà sí ilẹ̀kùn wọn, ẹ̀yìnkùlé la ń gbà wọlé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà kò ju kí ọkùnrin yìí dúró níwájú ìyá rẹ̀, kó dárúkọ mi.

Ó ṣèlérí. Ó ní òun máa ṣe ìpàtẹ àwòrán ní ìgbà ìkórè, òun máa fi àwòrán mẹ́tàdínlógún kọ́ sójú fèrèsé yàrá ńlá kan, kí gbogbo ìlú wá wo bí òkùnkùn ṣe ń di àwọ̀ nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá dé. "Tí ìyẹn bá dára," ó ní, "màmá mi ò ní rí nǹkan kan wí mọ́. Ọjọ́ kejì ni màá mú ọ lọ kí i."

"Kí ló dé tí kò lè jẹ́ ṣáájú ìpàtẹ?"

"Olólùfẹ́ mi, ṣe sùúrù."

Mo ṣe sùúrù. Mo ṣe é títí ó fi fẹ́ máa yọ lẹ́nu mi bí itọ́. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ọmọkùnrin náà kò burú, àmọ́ kò tíì sí ohun kan tó ṣòro tí òun rí i kó ṣe pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló ní ìgboyà lára rẹ̀. Mo bínú sí bàbá mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, èyí tó jẹ́ ìsinmi fún un.

Nígbà tí ìpàtẹ ku ọjọ́ márùn-ún, Inmok kó àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún wá. Ilé alájà méjì ti ọ̀gbẹ́ni Pang, ẹni tó ni ilé ìlọrẹsì, ni wọ́n ti máa pàtẹ wọn. Ó ní kí n má lẹ ẹ̀yìn wọn rárá. Etí bébà nìkan ni kí n fi tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ yí ká, kí n fi igi sí i, kí n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu fún ìmọ́lẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti rù, àti pé kò wo ojú mi. Mo rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Mo lọ bu ọbẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kejì, bàbá mi lọ tún àwòrán ńlá kan ṣe ní tẹ́ḿpìlì orí òkè, á tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Inmok gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ṣọ́ọ̀bù wa, aṣọ rẹ̀ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ bàbá tó ń lẹ bébà?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó wo àga náà bí ẹni pé àga náà ní àrùn.

"Wọ́n ní kò sí ọwọ́ tó mọ́ tó tìrẹ ládùúgbò yìí. Àpò ìwé ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe, ti ìwé wákàtí ìbí."

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí ìdílé méjì bá ti fẹnu kò, ilé ọkọ á kọ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí ọmọ wọn sórí bébà, wọ́n á ká a ní ìlọ́po márùn-ún, wọ́n á fi sínú àpò, wọ́n á gbé e lọ sílé ìyàwó. Tó bá ti wọlé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ku kí wọ́n mú ọjọ́. Mo bèèrè pé ti ta ni, bẹ́ẹ̀ mo sì mọ̀ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí.

"Ti Inmok ni. Ilé Pang ló ń lọ, fún Heran, ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n ní ìwọ àti Inmok mọra dáadáa. Mo ní inú rẹ á dùn."

"Ṣé Inmok mọ̀ sí i, Màmá?"

Ó yọ bébà kan láti inú ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ṣí i síwájú mi. "Bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Wò ó dáadáa, kí ìwọ̀n àpò lè bá a mu."

Mo wò ó dáadáa. Mo mọ ọwọ́ yẹn bí mo ṣe mọ ìka ẹsẹ̀ mi: bó ṣe máa ń tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n níbì kankan. Dúdú tó tutù ni.

"Má lẹ ẹnu àpò náà o," ni Ìyá Inmok wí. "A kì í lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó yẹ kí irú yín náà mọ ìyẹn."

"A mọ̀ ọ́n, Màmá."

Mo ṣe àpò náà lójú rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì ṣe àpò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó gbé e wò lójú ìmọ́lẹ̀, kò rí àléébù, ó sì yìn mí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní ọmọ dáadáa ni mí, èmi náà á rí tèmi, àti pé ọmọ ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta èédú lọ́nà ibùdókọ̀ kò tíì láya. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun náà ni mo fẹ́ nígbẹ̀yìn, mo bí ọmọ mẹ́rin fún un, ó sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọrẹsì títí ó fi kú. Obìnrin yẹn burú, àmọ́ ojú rẹ̀ ríran.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ṣe, kí ẹ lè mọ bó ti burú tó.

Gọ́ọ̀mù méjì ló wà nínú iṣẹ́ wa. Ọ̀kan ni gọ́ọ̀mù àgbà. Ìyẹ̀fun ni, a máa ń rẹ ẹ́ sínú ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí a ń pààrọ̀ omi rẹ̀, tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ sójà, títí agídí rẹ̀ á fi tán. Ó ń di nǹkan mú, àmọ́ tí ẹnìkan bá fi omi kàn án lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, á jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á lè ṣí ẹ̀yìn àwòrán, wọ́n á tún un ṣe. Èkejì ni gọ́ọ̀mù tútù, tí a sè láàárọ̀. Ìyẹn kì í jọ̀wọ́ nǹkan láéláé. Ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ ilé la ń fi í lẹ. Kí ó kan ẹ̀yìn àwòrán, nílé bàbá mi, kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn da oògùn eku sínú ọbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo se gọ́ọ̀mù tútù. Mo ń sunkún, mo ń rò ó. Ikun imú mi já sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rò ó pọ̀. Mo dojú àwòrán Inmok délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọ̀ wọn kọjú sí mi, pupa, ewé, búlúù yẹn. Mo lẹ bébà ilẹ̀kùn tó nípọn mọ́ wọn, ìpele mẹ́ta-mẹ́ta. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ kankan ò fi sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìkẹtàdínlógún, ẹkún ti tán lójú mi, mo ti ń kọrin. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí nígbà tí mo bá rántí, pé mo kọrin.

Ọmọlanke ni mo fi kó wọn lọ sílé Pang láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ. Inmok ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà ní ìsàlẹ̀, ó ń tẹ́rí ba fún àwọn àgbà ilé ìyàwó. Àwọn òṣìṣẹ́ Pang ló gbé wọn kọ́ sójú fèrèsé, wọ́n sì ta aṣọ bò wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́.

Gbogbo ènìyàn pàtàkì nílùú ló wá. Òdòdó kún ẹnu ọ̀nà, ribọ́nnì tí wọ́n kọ orúkọ sí ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo wà lẹ́yìn, lẹ́bàá tábìlì kọfí, mo wọ bàtà ìyá mi tó fún mi lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú aṣọ olómi aró gbé kọfí wá fún mi, ó ní, "Ẹ̀yin ni Ẹ̀gbọ́n Okbun, àbí? Ó ní láìsí ọwọ́ yín, kò sí àwòrán òun. Ẹ ṣé gan-an ni." Heran nìyẹn. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, àfi bó ṣe jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò ní ẹ̀tàn kankan. Kọfí náà dùn. Ó dùn mí dé egungun.

Inmok rí mi, ó wá bá mi. "Okbun, màá ṣàlàyé fún ọ," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "lẹ́yìn òní." Mo ní kó lọ dá àwọn àlejò lóhùn, oòrùn ti ń bọ̀.

Ó dúró láàárín yàrá, ó sọ̀rọ̀ nípa òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n má fọhùn, kí wọ́n kàn máa wò. Wọ́n fa aṣọ kúrò. Dúdú mẹ́tàdínlógún. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sójú fèrèsé lẹ́yìn wọn, ó ń yọ ní etí igi, ó ń tàn sí òrùlé, ó ń tàn sí ojú ènìyàn. Àwòrán kò dáhùn. A dúró. Ẹnìkan wúkọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pang wo aago rẹ̀. Inmok rìn lọ sídìí ọ̀kan, ó gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí i nígbà tí ìka rẹ̀ kan bébà ilẹ̀kùn. Ó wò mí láti ibẹ̀, ó kọjá orí gbogbo ènìyàn. Mi ò gbójú kúrò.

Olùkọ́ àgbà kan tó wá láti Seoul, tí irùngbọ̀n rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pè wá wá wo ìmọ́lẹ̀," ó ní, "ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú gbogbo wa. Ó jẹ́ ká dúró de ohun tí kò ní wá. Láti ìgbà tí mo ti ń wo àwòrán, mi ò tíì rí ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀, àtẹ́wọ́ gba gbogbo yàrá. Inú ọ̀gbẹ́ni Pang dùn bí ẹni pé òun ló ya àwòrán. Ìyá Inmok ń fi aṣọ nu ojú.

Inmok la ẹnu. Mo rí i, ó la ẹnu. Mo ń sọ ọ́ fún yín pé tó bá wí pé, "Rárá, wọ́n ba iṣẹ́ mi jẹ́," ǹ bá kúnlẹ̀ láàárín yàrá yẹn, ǹ bá jẹ́wọ́, kí wọ́n fi mí ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Ǹ bá tún fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pa ẹnu dé. Ó tẹ́rí ba fún olùkọ́ àgbà.

Bàbá mi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi gbóòórùn gọ́ọ̀mù tútù lára tábìlì àwòrán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò nà mí, ì bá sàn kó nà mí. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó fún mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi í sínú iná. Ó ní láti òní lọ, ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ ilé ni ọwọ́ mi á máa lẹ, mi ò gbọdọ̀ kan àwòrán mọ́ títí tí òun á fi kú. Kò yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì lo ọdún mọ́kànlélógún kó tó kú.

Inmok wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó gbé ọ̀kan lára àwọn àwòrán náà dání. Bàbá mi, tí irun rẹ̀ ti funfun, wólẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹ̀bi ilé òun ni. Mo dúró kí Inmok gbé e dìde. Kò gbé e dìde. Ó ní kí bàbá mi bá òun ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá mi dìde fúnra rẹ̀. Ó fi omi wọ́n ọn, ó dúró, ó tún wọ́n ọn, ó fi ọ̀bẹ egungun gbé etí rẹ̀, ó fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ṣí ojú egbò. Bébà àwòrán ya pẹ́rẹ́. Gbogbo àwọ̀ náà bá bébà ilẹ̀kùn lọ, pupa, ewé, búlúù, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Dúdú tó kù lọ́wọ́ bàbá mi di àkísà. Bàbá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde lọ sí àgbàlá.

"Ṣé o kórìíra mi tó báyìí?" ni Inmok bi mí.

"Mo fẹ́ràn rẹ tó báyìí ni."

Ó jókòó sílẹ̀, ó dorí kodò. Mo rò pé ó ń sunkún. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní olùkọ́ àgbà fẹ́ kí òun kó ogún àwòrán wá sí Seoul tí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Dúdú ni wọ́n fẹ́, irú èyí gan-an. Kò sí alẹ̀bébà kan tó mọ iyì ara rẹ̀ tó máa gbà kó fi gọ́ọ̀mù tútù dí ẹ̀yìn àwòrán.

"Bá mi ṣe é, Okbun mi. Má jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀. Heran kò ní bínú. Òun á wà nílé, ìwọ á wà nídìí iṣẹ́ mi, ìwọ nìkan lo máa mọ àṣírí mi. Ṣé ìyẹn ò ju ìgbéyàwó lọ?"

Mi ò ní tàn yín jẹ, ọkàn mi fò. Ìdí ńlá, orí kékeré, bí ìyá mi ṣe máa ń wí nípa mi nìyẹn. Mo ti ń ro ibi tí màá ti se gọ́ọ̀mù náà tí bàbá mi kò ní gbóòórùn rẹ̀. Mo bi í pé àwọ̀ wo ló máa fi sí ẹ̀yìn wọn lọ́tẹ̀ yìí.

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi yé. "Àwọ̀ kẹ̀? Kí ni màá tún fi àwọ̀ ṣe? Ta ló máa rí i?"

Ìgbà yẹn ni mo wá sunkún tòótọ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń rò pé èmi ni mo pa ìmọ́lẹ̀ ọkùnrin yìí. Mo ní kó lọ wá àwọn tó ń lẹ ilẹ̀ ilé, pé wọ́n pọ̀ lọ́nà ibùdókọ̀. Ó ká àkísà rẹ̀, ó lọ. Kò pè mí ní Ọmọ Gọ́ọ̀mù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó sí ìgbà ìrúwé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ilé Cha ránṣẹ́ pé kí a wá pààrọ̀ bébà ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó. Bàbá mi gbé agbada gọ́ọ̀mù tútù sí iwájú mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé.

Heran wà níbẹ̀, ó wá wo yàrá tó máa jẹ́ tirẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń bá mi di ìkòkò mú. Ojú ń tì í láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ará wa ṣe máa ń ṣe ní ilé ìgbéyàwó: àwọn àǹtí àti ìyàwó ilé á kó ara wọn jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á fi itọ́ ra ìka, wọ́n á fi lu bébà níhò, wọ́n á máa yọjú wo ọkọ àti ìyàwó tuntun. Èmi gan-an ti lu tó ihò ogún láyé mi, ojú mi ti rí ohun tí kò ṣeé sọ.

"Ẹ̀gbọ́n Okbun," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tó nípọn lẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo wò ó, ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Mo lẹ ìpele mẹ́ta mọ́ ilẹ̀kùn náà. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, gbogbo ọjà ló ń fi àwọn àǹtí ilé Cha ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìka wọn wú, wọn ò sì rí nǹkan kan. Heran fi àkàrà ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mi ò bu fún ẹnikẹ́ni.

Ọdọọdún ni a ń pààrọ̀ bébà ilẹ̀kùn nígbà ìkórè, ọdọọdún sì ni Heran ń ránṣẹ́ pé kí ó nípọn bí ti àkọ́kọ́, nítorí àlàáfíà ló wà nínú yàrá náà lójú tirẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi lẹ ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tí mo bá ya ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ìmọ́lẹ̀ á ya wọ inú yàrá, màá rí Inmok níbi tó jókòó sí, irun rẹ̀ ń funfun, gílóòbù ń tàn lókè orí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó ń ya dúdú fún àwọn ará Seoul. Á fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n," màá wí.

"O ṣeun, Okbun. Ṣe kíá, oòrùn ń ta mí lójú."

Màá sì ṣe kíá.